Agolo Ẹ̀yìn Ilé Ìkàwé

Obìnrin kan wà tó ń ṣe awò ojú. Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ̀rọ tó fi ń lọ lẹ́ǹsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, páálí tí wọ́n kọ lẹ́tà ńlá àti kékeré sí sì wà lára ògiri níwájú àga oníbàárà. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ohun tó máa ń bi àwọn èèyàn ni pé, "Ẹ rí èyí? Ẹ rí ti ìsàlẹ̀ ńkọ́?" Ìyá Aláwò ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, orúkọ yẹn náà ló sì ń jẹ́ nínú Ẹgbẹ́ Awágolo.

Eré kan ni ẹgbẹ́ yìí ń ṣe. Ẹnì kan á fi agolo kékeré pa mọ́ síbi kan nínú ìlú, bóyá lábẹ́ àga ọgbà ìgbafẹ́ tàbí nínú ihò igi, á wá gbé nọ́ńbà tó júwe ibẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ wá a á fi nọ́ńbà náà sínú fóònù, fóònù á sì mú un dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí agolo. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ fóònù parí sí; ó ku ojú àti ọwọ́. Ìwé pélébé kan wà nínú agolo tí ẹni tó bá rí i máa fọwọ́ sí kó tó dá a padà sáyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni á lọ kọ ọ́ sí ojú ewé agolo yẹn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé òun rí i. Bí kò bá sì rí i, òfin ẹgbẹ́ ni pé kó kọ ìyẹn náà: "Mi ò rí i." Kò sí ẹ̀bùn níbẹ̀. Àgbàlagbà ló ń ṣe bojúbojú, ìyẹn náà ni gbogbo ẹ̀.

Ìyá Aláwò ti ń wá agolo fún ọdún méjì, ó sì ti rí ju ọgọ́rùn-ún lọ. Wàhálà ò bẹ̀rẹ̀ àfìgbà tó dé orí agolo ẹ̀yìn ilé ìkàwé.

Bàbá Awọnlẹ̀ ló fi agolo yẹn síbẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Wíwọn ilẹ̀ ni Bàbá fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń jiyàn nọ́ńbà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kọ sílẹ̀ láti fi ran èèyàn lọ́wọ́: "Ẹ bi bíríkì kẹta lókè páìpù."

Ọ̀nà tóóró kan ló wà lẹ́yìn ilé ìkàwé, láàárín ògiri méjì. Bí èèyàn bá na apá méjèèjì, á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tọ̀tún tòsì. Ògiri ilé ìkàwé fúnra rẹ̀ wà lápá òsì, wọ́n ti rẹ́ ẹ, wọ́n sì kùn ún ní àwọ̀ eérú. Ti apá ọ̀tún jẹ́ ti ilé alájà méjì kan, bíríkì pupa lásán ni, páìpù omi sì gun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sókè. Ìyá Aláwò rí bíríkì, ó rí páìpù, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fọwọ́ ti bíríkì kẹta. Kò mira. Ó ti ìkẹrin, ó ti èkejì, ó ti gbogbo èyí tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Wákàtí kan ó lé ló lò níbẹ̀, nígbà tó máa fi kúrò, eruku bíríkì ti kun aṣọ rẹ̀ láti èjìká dé ìbàdí. Ó kọ ọ́ sójú ewé agolo: "Mi ò rí i."

Kò tíì délé tí gúrúùpù ẹgbẹ́ ti ń dún lórí fóònù rẹ̀.

"Ìyá Aláwò, ẹ fọ dígí yín!"

"Ẹni tó ń fún gbogbo ìlú lójú ni ò rí agolo."

Òun náà rẹ́rìn-ín sí i. Ó béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ó ku ohun tóun ò mọ̀. Ẹni tó dá a lóhùn ni ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Ẹyẹ Idì. Agolo tí ọkùnrin yìí ti rí ti lé ní ẹgbẹ̀rin, kò sì sí ọjọ́ tí kì í kọ́ àwọn yòókù lẹ́kọ̀ọ́ lórí irú àpò tó yẹ kí wọ́n gbé kọ́rùn àti irú ìbọ̀wọ́ tí ẹ̀gún ò lè gún.

Ó ní, "Ìṣẹ́jú méjì ni mo lò níbẹ̀ lóṣù karùn-ún. Jígí ọlọ́wọ́ gígùn lẹ nílò, irú èyí tí àwọn oníṣègùn eyín ń lò. Ẹ máa tì í bọ àárín bíríkì."

Nọ́ọ̀sì kan nínú ẹgbẹ́ náà fi kún un pé, "Òótọ́ ni o. Ibẹ̀ rọrùn gan-an."

Ìyá Aláwò wá jígí ọlọ́wọ́ gígùn rà. Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, ohun tó rí nínú jígí ò ju aáyán kan àti ojú ara rẹ̀ lọ. Ó kọ ọ́ pé, "Mi ò rí i." Ẹyẹ Idì ní kó lọ fi irin òòfà sórí ọ̀pá, nítorí irin lagolo. Ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, òòfà fa ìṣó méjì tó ti dógùn-ún jáde. "Mi ò rí i." Lẹ́ẹ̀kẹrin, òjò ká a mọ́ ọ̀nà tóóró yẹn láìsí ibi tó lè yà sí, fóònù sì ń mú un lọ sọ́tùn-ún, ó ń mú un lọ sósì bí ẹni tí ọtí ń pa. "Mi ò rí i."

Ọ̀rọ̀ náà wá ká a lára débi pé ó bá a wọ ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ kan gba awò tuntun lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó dìde, ó sì di àga mú.

"Ìyá Aláwò, kí lẹ ṣe fún mi? Ilẹ̀ ń gòkè bọ̀ wá bá mi o!"

Lẹ́ǹsì ojú òsì ló fi sí ọ̀tún. Láti ọdún mẹ́rìnlá tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Ó bẹ awakọ̀ títí, ó tú awò náà, ó tún un tò, inú ń bí i. Kì í ṣe awakọ̀ ló ń bínú sí.

Nígbà tó délé, ó bá ọkọ rẹ̀ níwájú ìṣó tó kọ́ àwọn irinṣẹ́ eré rẹ̀ sí: jígí, ọ̀pá òòfà, tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń so mọ́ iwájú orí, ìbọ̀wọ́ méjì. Bíríkìlà ni ọkọ rẹ̀, èèyàn tí ò fẹ́ràn ariwo ni.

"Ìyá wọn, ṣé o ti ń kọ́ṣẹ́ eyín yíyọ ni?"

"Bàbá wọn, ẹ dákun, ẹ má bá mi ṣeré lónìí."

"Tí mi ò bá bá ẹ ṣeré, ta ni màá bá ṣe é? Fi agolo yẹn sílẹ̀. Agolo ò ní òun fẹ́ kó o rí òun."

"Gbogbo èèyàn ló rí i! Èèyàn méje ló ti rí i láàárín oṣù mélòó kan yìí. Èmi nìkan ni ojú ń fọ́?"

Ọkọ rẹ̀ wò ó, ó sì rí i pé omi ti lé sí i lójú.

Lẹ́ẹ̀karùn-ún tó lọ, ó ń fi èékánná họ àárín bíríkì lọ́wọ́ nígbà tí fèrèsé kan ṣí lókè orí rẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan yọrí, ó mú abẹ́rẹ́ àti òwú dání.

"Ìwọ obìnrin yìí, kí lo ń wá lára ògiri mi?"

"Ẹ má bínú, mà. Eré kan la ń ṣe. Wọ́n fi nǹkan kékeré kan pa mọ́ síbí. Ẹ ó ti máa rí àwọn ẹgbẹ́ mi, wọ́n ti wá ṣáájú mi."

"Ẹgbẹ́ ta ni? Ojú fèrèsé yìí ni mo ti ń ránṣọ láti àárọ̀ dalẹ́. Ní bí oṣù mẹ́fà sí méje yìí, kò sí ẹlòmíràn tí mo rí tó ń fọwọ́ pa ògiri mi lórí. Ìwọ nìkan ni. Mo tiẹ̀ ti sọ fún ọmọ mi pé ara obìnrin náà ò yá ni."

Ìyá Aláwò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúrò níbẹ̀, ó sì tún kọ ọ́ pé, "Mi ò rí i." Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá yẹn há a láyà. Ẹyẹ Idì ní ọ̀sán gangan lòun débẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní àárọ̀ Sátidé ni. Ó dáa, ìyá lè ti wọlé lọ jẹun. Ṣé ìgbà méjèèje ló wọlé lọ jẹun?

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó bẹ ọkọ rẹ̀ kó bá òun lọ. Ọkọ ráhùn títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà tóóró náà: ẹsẹ̀ ń dùn ún, ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ nìyí, àti pé gbogbo ọ̀sẹ̀ lòun fi ń wo ògiri, kí ló dé tí wọ́n tún gbé òun wá wo ògiri lófẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n wọ inú ọ̀nà náà, ó dúró. Kò tiẹ̀ wo ògiri bíríkì tí ìyàwó rẹ̀ ń nawọ́ sí. Ó yí sí ti ilé ìkàwé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti òkè wá sílẹ̀.

"Ta ló rẹ́ ògiri yìí?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"

"Iṣẹ́ ẹni tó ń kánjú ni. Kò sì tíì pé ọdún kan. Wo bó ṣe sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níbí, wọn ò jẹ́ kó mu omi tó." Ó gbójú sókè lábẹ́ òrùlé, níbi tí iṣẹ́ ẹni tó rẹ́ ògiri ò dé. "Ìyá wọn, wá wo òkè yẹn. Kí lo rí?"

Ìyá Aláwò wo òkè. Ìlà bíríkì pupa kan ló yọrí lókè ibi tí símẹ́ǹtì parí sí.

Ọkọ rẹ̀ ní, "Bíríkì ni òun náà. Wọ́n kàn da ẹ̀wù bò ó ni."

Páìpù kan jáde lára ògiri náà nítòsí ilẹ̀, àwọn tó kùn ún ti kùn ún mọ́ ògiri débi pé èèyàn lè kọjá lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá kó má rí i. Bíríkìlà fi ìka wọn òkè páìpù, bíríkì kan, èkejì, ẹ̀kẹta. Ó kan ibẹ̀ pẹ̀lú ìkúùkù. Ó kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó tún kan ibẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ dún bí òkúta. Ibẹ̀ dún bí inú àpótí òfìfo.

"Agolo rẹ wà nínú ibí," ló wí. "Ọlọ́run nìkan ló lè fọwọ́ sí ìwé inú ẹ̀ báyìí."

Wọ́n yípo lọ sí iwájú ilé ìkàwé, wọ́n bá ọkùnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ níbi tó ti ń to àga. Ó rántí dáadáa. Oṣù kejì ni wọ́n rẹ́ ògiri, nítorí ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi ti ilé ìkàwé pa tí àwọn òǹkàwé sì ń bú òun lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Aláwò ṣí ojú ewé agolo náà lórí fóònù. Oṣù kìíní ni ẹnì kan rí i kẹ́yìn ṣáájú iṣẹ́ yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, láti oṣù kẹta títí di oṣù kẹjọ, èèyàn méje ló kọ ọ́ pé àwọn rí i. Èèyàn méje, tẹ̀rín-tọ̀yàyà. "Ibi tó dára púpọ̀, Bàbá!" "Ọgbọ́n yín pọ̀ o, Bàbá!"

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìkàwé. Ìbínú tó bá a ju ti ìgbà tí kò rí agolo lọ. Jígí, òòfà, òjò, awakọ̀ tí ilẹ̀ ń gòkè wá bá. Gbogbo ìgbà tó ń họ ògiri ológiri bí ológbò, irọ́ ni wọ́n ń pa fún un, wọ́n tún ń fi í rẹ́rìn-ín.

"Gbé e sí gúrúùpù," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Báyìí báyìí."

"Rárá. Bàbá ló ni agolo. Bàbá ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́."

Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún Bàbá Awọnlẹ̀ lórúnkún ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, kò sì lè rìn jìnnà mọ́. Yàrá rẹ̀ kún fún àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n ká bí ẹní. Orí àga ni Ìyá Aláwò bá a lọ́jọ́ kejì, ó na ẹsẹ̀ lé àpótí, fóònù wà lórí itan rẹ̀. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí i, ó sì sọ gbogbo bó ṣe jẹ́, kò fi ọ̀kan pe méjì. Ìbínú ni Bàbá fi dá a lóhùn.

"Kí ló dé tó o ò fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá?"

"Mo ní kí ló dé tó o ò fi mí sílẹ̀! Àárọ̀ tí mo bá jí, ohun tí mo ń kọ́kọ́ ṣe ni kí n wò ó bóyá ẹnì kan tún dé ibẹ̀. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé àwọn rí i, á dà bí ẹni pé èmi ni mo rìn débẹ̀. Ìwọ wá lọ gbé bíríkìlà dání."

Ìyá Aláwò rò ó lọ́kàn ara rẹ̀. Òun kọ́ ló pa irọ́, òun kọ́ ló rẹ́ ògiri, síbẹ̀ òun ni wọ́n ń bá wí. Ó dìde pé kóun máa lọ.

"Jókòó," ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Má dá mi lóhùn. Àgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn máa ń sọ ìsọkúsọ." Ó gbé awò sójú, ó sì ka orúkọ àwọn méje náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Nọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀. Òun ló ń pààrọ̀ báńdéèjì mi. Ó jókòó síbi tó o jókòó sí yìí, ó ń sọ fún mi bí bíríkì ṣe yọ pẹ̀sẹ̀ lọ́wọ́ òun."

Bàbá kọ̀wé sí gúrúùpù nígbà náà, níṣojú Ìyá Aláwò. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kọ orúkọ àwọn méje, ó wá béèrè ìbéèrè kan: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo fi ṣe agolo ẹ̀yìn ilé ìkàwé?"

Gúrúùpù tí kì í sinmi ariwo pa lọ́lọ́. Ẹyẹ Idì ló wá dáhùn: "Agolo dúdú kékeré ni, Bàbá, bíi ti gbogbo ayé."

Bàbá kọ ọ́ pé, "O ṣeun."

Ẹnì kan tó ti rí i ní ọdún méjì sẹ́yìn ló kọ òtítọ́ síbẹ̀: kì í ṣe agolo rárá. Idẹ ni, ègé oníhò kékeré kan tí Bàbá gé lára ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tó fi ń wọnlẹ̀ nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, tó sì fi èdídí dí lẹ́nu. Ẹni tó bá dì í mú rí ò lè gbàgbé. Òòfà ò tiẹ̀ lè fa idẹ. Ó wá yé gbogbo èèyàn pé lásán ni wọ́n fi Ìyá Aláwò ṣẹ̀sín.

Bí ó bá jẹ́ pé ìtàn ni, wọn ì bá bẹ̀ ẹ́. Wọn ò bẹ̀ ẹ́. Láàárín ọjọ́ méjì, márùn-ún nínú àwọn méje ti lọ pa ohun tí wọ́n kọ rẹ́ láìsọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì pe Bàbá lórí fóònù, ó sunkún, ó ní torí pé gbogbo èèyàn ń rí i ni òun ò ṣe fẹ́ kó jẹ́ òun nìkan ni ọ̀dẹ̀. Ẹyẹ Idì ní agolo tí òun ti rí pọ̀ jù, òun kàn ṣi ọ̀kan mú fún ìkejì ni. Nígbà tí wọn ò gbà á gbọ́, ó kúrò, ó dá gúrúùpù tirẹ̀ sílẹ̀, ogún èèyàn sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó kẹ́yìn wọn kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó lọ pé Ìyá Aláwò ti tú ẹgbẹ́ ká nítorí ìdérí agolo.

Ó ka gbólóhùn yẹn nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ju fóònù sínú dúrọ́ọ̀, ó sì fi ìgbáròkó tì í pa.

Ó kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ ilé ìkàwé pé kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ òun la ibẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kó yọ idẹ Bàbá, kó sì dí i padà lófẹ̀ẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi dáhùn. Wọ́n ní wọn kì í la ògiri ìjọba nítorí ohun ìṣeré. Bíríkìlà ka lẹ́tà náà, ó rojú.

"Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe síbẹ̀ yẹn," ló wí, "fúnra ẹ̀ ló máa là kó tó pẹ́."

Bàbá ti ojú ewé agolo náà pa. Ohun tó kẹ́yìn síbẹ̀ ni "Mi ò rí i" mẹ́fà, orúkọ ẹnì kan náà lábẹ́ gbogbo wọn.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá pe Ìyá Aláwò pé òun fẹ́ fi agolo mìíràn pa mọ́, kí òun àti ọkọ rẹ̀ wá gbé òun. Wọ́n gbé e kọ́ èjìká láàárín ara wọn. Wọ́n dé ọgbà ìgbafẹ́, Bàbá ní igi ibẹ̀ ò dàgbà tó. Wọ́n dé ibùdókọ̀, ó ní èèyàn ti pọ̀ jù. Ìyá Aláwò fi ihò kan hàn án lábẹ́ afárá kékeré, ó ní ibi tí ọmọ ọlọ́jọ́ méjì lè rí nìyẹn. Bíríkìlà dábàá ihò kan lára ògiri, Bàbá wò ó bí ẹni tó bú ìyá rẹ̀. Wọ́n jiyàn títí oòrùn fi kan àtàrí, orúnkún Bàbá wú, kò sì sí ibi tí wọ́n fi agolo sí. Wọ́n gbé e padà sílé.

"Ẹ wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ni Bàbá wí bó ṣe ń jókòó. "Kẹ́ ẹ sì tètè dé. Ẹ pẹ́ lónìí."

Lójú ọ̀nà, ọkọ Ìyá Aláwò ń fi ọwọ́ ra èjìká. "Ṣé wàá lọ?"

"Inú ń bí mi, Bàbá wọn. Ó rẹ̀ mí."

"Mo mọ̀. Ṣé wàá lọ?"

"Aago mẹ́jọ," ló wí. "Bí a bá lọ ní mẹ́sàn-án, á tún ní a pẹ́."